Ṣakabùlà: Ìbọn Tí Kì Í Fi Ojú Rẹ̀ Sọ Ọjọ́ Orí

Ọ̀pọ̀ agboolé ní ilẹ̀ Yorùbá ló ní ìbọn kan tí ẹnikẹ́ni kì í yìn mọ́. Ó lè wà lára ògiri ní pálọ̀ baálé, ó lè wà ní ìdí ojúbọ Ògún, ó sì lè wà lókè àjà níbi tí eruku ti bò ó. Bí a bá béèrè ìtàn rẹ̀, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ ni pé baba ńlá àwọn ló gbé e lọ sí ogun Kírìjì. Nígbà mìíràn, òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe pé ẹni tó ń sọ ọ́ ń purọ́. Ìbọn náà fúnra rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Ṣakabùlà tí ọkọ̀ ojú omi já sí etíkun wa ní nǹkan bí ọdún 1820 àti èyí tó já síbẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà lè jọra bí ìbejì, kí alágbẹ̀dẹ abúlé sì tún rọ ẹ̀kẹta tó jọ wọ́n lẹ́yìn òmìnira.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹni tó bá rí ìbọn ológun tó ń fi òkúta dáná lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó ti wà ṣáájú nǹkan bí ọdún 1840, nítorí pé àkókò náà ni àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa á tì. Lọ́dọ̀ tiwa, ìṣirò yẹn kò ṣiṣẹ́. Ìbọn olókùúta wà lọ́wọ́ ọdẹ wa nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú ti ń fò. Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀làjú ni kò tètè dé ọ̀dọ̀ wa. Ìtàn sọ nǹkan mìíràn: a ti ní ìbọn tó dára jù ú lọ rí, wọ́n sì fi òfin dá wa padà sí ti àtijọ́.

Ohun tó wà nínú apátí

Àwọn ìbọn wọ̀nyí kò ní ibi tí a ti ń ṣí ìdí wọn. Ẹnu ni wọ́n fi ń jẹ, ẹnu náà ni wọ́n fi ń pọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á kọ́kọ́ wọn ẹ̀tù sí ẹnu ọ̀pá irin, á ki nǹkan rírọ̀ lé e, á fi igi ìkìbọn kì í títí yóò fi le, á da ọta sí i, á tún ki nǹkan mìíràn bò ó kí ọta má baà yọ́ jáde. Lẹ́yìn èyí ni yóò da ẹ̀tù díẹ̀ sínú àwo irin kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ọ̀pá náà, níbi tí ihò tín-ín-rín kan ti gbà wọ inú lọ. Bó bá fa ìbọn, apá irin tó di akọ òkúta mú lẹ́nu á já wálẹ̀, òkúta á ha irin tó dúró níwájú rẹ̀, iná á ta sínú àwo, á gba inú ihò wọlé, ìbọn á sì dún. Ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí, títí kan ibi tí ìka ń fà, ni àwọn àgbà ń pè ní apátí.

Ìran mẹ́ta pàtàkì ni apátí ìbọn ẹlẹ́nu-ìkì. Èyí tó kọ́kọ́ dé ayé ń lo okùn tí iná ń jó lẹ́nu rẹ̀. Ìkejì ń lo akọ òkúta. Ìkẹta ń lo fìlà bàbà kékeré tí kẹ́míkà wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tó jáde láti inú ọgbọ́n tí àlùfáà ìjọ kan ní Scotland, Alexander Forsyth, gba ìwé ẹ̀tọ́ lé lórí ní ọdún 1807 ni. Ti òkúta ló gbilẹ̀ jù lọ́dọ̀ wa. Òjò kì í jẹ́ kó dún, ó sì máa ń pẹ́ kí ó tó gbaná, àmọ́ ohun kan wà tó fi dára fún igbó: alágbẹ̀dẹ ìletò lè tún gbogbo ara rẹ̀ ṣe, kò sì sídìí láti dúró de fìlà bàbà tó gbọ́dọ̀ ti ìlú òyìnbó wá.

Láti Birmingham dé Apòmù

Èdè Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà ń pe ṣakabùlà ní ìbọn àwọn ará Denmark, nítorí pé àwọn oníṣòwò Denmark tó ní odi Christiansborg ní Àkrà ta púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ta àwọn odi wọn fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Orúkọ wọn kò tẹ̀ lé wọn lọ. Ẹni tó bá sì fi orúkọ náà wá ibi tí ìbọn ilé rẹ̀ ti wá yóò ṣìnà, nítorí pé ìlú méjì ló rọ púpọ̀ jù nínú ìbọn tó wọ ilẹ̀ wa: Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti Liège ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Ní Birmingham, kì í ṣe ẹnì kan ló ń ṣe odindi ìbọn. Adúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní àdúgbò ìbọn, níbi tí ẹnì kan ti ń rọ ọ̀pá irin, tí òmíràn ń ṣe apátí, tí òmíràn ń gbẹ́ igi, tí ọmọ iṣẹ́ sì ń gbé wọn kiri láti ilé dé ilé kí wọ́n tó di ọ̀kan. Ìbọn tí wọ́n ń ṣe fún Áfíríkà ni ó rọjú jù. Irin rẹ̀ gùn, ó sì fẹ́lẹ́. Wọ́n máa ń fi ọ̀dà pupa kun igi àwọn kan nínú wọn. Òpìtàn ọmọ Nàìjíríà nì, Joseph Inikori, ṣírò rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan tó jáde ní ọdún 1977 pé láàárín ọdún 1750 sí 1807, iye ìbọn tó ń wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún wà láàárín 283,000 sí 394,000. Àwọn òpìtàn mìíràn bá a jiyàn lórí iye náà, àmọ́ kò sí ẹni tó sọ pé kò pọ̀. Ènìyàn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń rà á. Ẹni tó ta ẹrú ra ìbọn, ó tún fi ìbọn náà wá ẹrú mìíràn.

Ìbọn olówó pọ́ọ́kú léwu fún ẹni tó ń yìn ín. Nítorí irin tó máa ń bẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní ọdún 1813 tó dá ilé ìdánwò ìbọn sílẹ̀ ní Birmingham. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù tó pọ̀ ju ìwọ̀n lọ sínú ọ̀pá irin, tí wọ́n á yìn ín láti òkèèrè. Èyí tí kò bá bẹ́ ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lára. Ilé náà ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Òǹtẹ̀ yìí ni yóò wá di ìwé ìrántí fún wa, bí a ó ṣe rí i níwájú.

Àwọn tó wà létí omi ló kọ́kọ́ rí ìbọn rà. Ọ̀yọ́ Ilé tó ń jọba lé ọ̀pọ̀ ìlú lórí fi ẹṣin, ọfà àti ọ̀kọ̀ ṣe agbára rẹ̀. Ọ̀nà rẹ̀ sí òkun sì jìn. Ní àwọn ọdún 1820, aáwọ̀ tó ti ọjà Apòmù ṣẹ́ yọ di ogun Òwu. Samuel Johnson tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tán ní ọdún 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, sọ bí àwọn ará Ìjẹ̀bú ṣe gbé ìbọn wá sójú ogun náà. Àwọn ọmọ Òwu jẹ́ akíkanjú tó máa ń sún mọ́ ọ̀tá kí wọ́n tó fi agẹdẹngbé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbọn kò jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ẹnikẹ́ni. Òwu tú, ojú ilẹ̀ Yorùbá kò sì rí bákan náà mọ́.

Nígbà tí ẹ̀tù di iyọ̀ ogun

Láàárín ogún ọdún, ìbọn ti kúrò ní ohun ìyanu. Ìbàdàn tí àwọn ọmọ ogun tẹ̀ dó ní nǹkan bí ọdún 1829 wà ní bèbè igbó, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ rìn. Ní Òṣogbo ní nǹkan bí ọdún 1840, wọ́n pàdé àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin. Ẹṣin kò rí ibi sáré nínú igbó, ẹni tó gùn ún kò sì lè sá fún ọta. Ìṣẹ́gun Òṣogbo ló dá àwọn ẹlẹ́ṣin dúró tí wọn kò fi rìn dé òkun.

Ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 1851 ni àwọn ọmọ ogun Dàhómì dé ẹnu odi, àwọn obìnrin jagunjagun wọn sì wà nínú wọn. Lọ́jọ́ yẹn, ìbọn dojú kọ ìbọn. Inú odi ni Ẹ̀gbá sì wà, wọ́n sì lé Dàhómì padà. Dàhómì tún padà wá ní ọdún 1864, wọ́n sì tún lé e. Ogun Ìjàyè tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, tí ìlú Ìjàyè sì tú nínú rẹ̀ ní ọdún 1862, ti di ogun ìbọn pátápátá.

Kí ẹ má rò pé ìbọn yìí ń pa láti ọ̀nà jíjìn o. Inú ọ̀pá rẹ̀ dán ni, kò ní ìlà tó ń yí ọta, ọta kì í sì í lọ tààrà. Ọ̀pọ̀ jagunjagun kì í gbé ìdí ìbọn lé èjìká, nítorí pé ẹ̀tù tí wọ́n ń kì sí i pọ̀, ó sì máa ń ta. Wọ́n á sáré jáde, wọ́n á yìn ín, wọ́n á padà sẹ́yìn lọ kì í, àwọn mìíràn á sì bọ́ síwájú. Nígbà tí òjé bá wọ́n, alágbẹ̀dẹ á rọ irin wẹ́wẹ́ fún ọta. Nípa bẹ́ẹ̀, kò sí bùdó ogun tí ewìrì kì í fẹ́.

Ọta ṣeé rọ nílé. Akọ òkúta àti ẹ̀tù tó dára ń bọ̀ láti òkè òkun, ẹni tó bá sì di ọ̀nà mú ló di wọ́n mú. Ìdí nìyí tí ìjà Yorùbá ìgbà náà fi jẹ́ ìjà ọ̀nà: ọ̀nà Rẹ́mọ, ọ̀nà Ìjẹ̀bú, ọ̀nà Abẹ́òkúta, ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1877, Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rán èrò lọ ra ẹ̀tù ní Àjàṣẹ́; àwọn Ẹ̀gbá dínà dè wọ́n. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó sọ Ìbàdàn àti Ẹ̀gbá di ọ̀tá lọ́dún náà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dìde ní tiwọn, ogun tí a wá mọ̀ sí Kírìjì sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìtàn ilé ti ń ṣìnà nìyí. Ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ, àmọ́ ìró ìbọn wo? Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó ń ṣòwò ní Èkó dá ẹgbẹ́ Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé tó wà pẹ̀lú Ògèdèǹgbé, ọ̀gágun wọn. Snider ni ìbọn náà. Ìdí ni a ti ń ki ti ẹ, kì í ṣe ẹnu. Ìlà wà nínú ọ̀pá rẹ̀, ọta rẹ̀ sì ń lọ jìnnà réré. Ìbọn ẹlẹ́nu-ìkì ti ọdún 1853 ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gé ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi ìlẹ̀kùn irin sí i ní ọdún 1866, tó fi di Snider. Nígbà tó dé orí òkè Ìmẹ̀sí, ṣakabùlà Ìbàdàn kò tó o mọ́, Ìbàdàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá irú rẹ̀ kiri. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1886, àmọ́ ọdún 1893 tí Carter, gómìnà Èkó, gòkè wá ni àwọn bùdó tú pátápátá.

Nítorí náà, ìbọn tó mú Kírìjì yàtọ̀ sí ogun tó ṣáájú rẹ̀ kì í ṣe ṣakabùlà. Ṣakabùlà wà níbẹ̀ rẹpẹtẹ. Ìbọn àná ni ó jẹ́ lójú ogun yẹn.

Òfin tó dá aago padà

Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1890, àwọn ìjọba tó pàdé ní Brussels fọwọ́ sí ìwé kan. Ohun tí wọ́n kọ sí iwájú rẹ̀ ni pé wọ́n fẹ́ fòpin sí òwò ẹrú. Nínú ìwé náà, wọ́n fa ìlà méjì sórí àwòrán Áfíríkà, láti ìpele 20 ní àríwá dé ìpele 22 ní gúúsù, wọ́n sì ní kí ìbọn má ṣe wọ àárín ìlà náà mọ́. Wọ́n yọ oríṣi kan sílẹ̀: ìbọn olókùúta tí kò ní ìlà nínú, àti ẹ̀tù lásán. Ìbọn tó ń sáré yìn, tó ń lọ jìnnà, tó péye, di ti ọmọ ogun ìjọba àti ẹni tí ìjọba bá fún níwèé.

Ohun tí èyí já sí hàn kíákíá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì pàdé ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n. Ìjẹ̀bú pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì, àwọn kan nínú wọn sì ní Snider, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim tó ń yìn fúnra rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìjà náà kò pẹ́. Ìjẹ̀bú tó kọ́kọ́ fi ìbọn ṣẹ́gun nínú ogun Òwu ni ìbọn tó ju tirẹ̀ lọ wá ṣẹ́gun.

Lẹ́yìn ìyẹn, aago padà sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ẹni tó gbé Snider lọ sí Kírìjì kò rí ju ìbọn olókùúta rà mọ́. Ní Liège, àwọn ilé iṣẹ́ tó ti ń rọ ìbọn ìgbàlódé fún ayé yòókù ṣì ń rọ olókùúta fún Áfíríkà wọ inú ọ̀rúndún ogún. Ní ìlú Brandon ní ìpínlẹ̀ Suffolk, àwọn tó ń gé akọ òkúta ìbọn, tí ológun Gẹ̀ẹ́sì kò rà lọ́wọ́ wọn mọ́, rí oúnjẹ jẹ nítorí pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń rà á.

Ọwọ́ alágbẹ̀dẹ

Ìbọn tó bá ti wọ ilé wa kì í wà bó ṣe wá. Igi rẹ̀ á fọ́, wọ́n á fi igi igbó wa gbẹ́ òmíràn. Ọ̀pá rẹ̀ á yẹ̀, wọ́n á fi òrùka idẹ tàbí awọ ẹran tútù dì í, awọ náà á sì gbẹ mọ́ ọn pinpin. Apátí rẹ̀ á kú, wọ́n á tú ti ìbọn mìíràn sí i. Bó bá yá, ọ̀pá lè jẹ́ ti Birmingham, apátí ti Liège, kí igi jẹ́ ti Ìsẹ́yìn. Àwọn alágbẹ̀dẹ kò sì dúró lórí àtúnṣe. Àwọn náà rọ tiwọn, nígbà tí páìpù omi àti irin ọkọ̀ àlòkù sì pọ̀ kálẹ̀, iṣẹ́ náà túbọ̀ rọrùn.

Òfin ìbọn ti ọdún 1959 mọ̀ pé wọ́n wà. Ó fi ṣakabùlà, ìbọn olókùúta àti ìbọn onífìlà bàbà tí kò ní ìlà nínú sí ìsọ̀rí tiwọn, lọ́tọ̀ sí ìbọn ìgbàlódé, ó sì béèrè ìwé àṣẹ fún wọn. Láàárín ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn kọ̀ láti san owó orí tó wọ̀ wọ́n lọ́rùn, tí Táfà Adéoyè sì ṣáájú wọn nínú ìjà Àgbẹ́kọ̀yà, ṣakabùlà wà lára ohun tí wọ́n gbé. Títí dòní, ọdẹ ń gbé e ṣọ́ àdúgbò, ìró rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń kéde pé ọdẹ ńlá kan ti lọ, kí ìrèmọ̀jé tó gba ilẹ̀. Ìdí nìyí tí ìrísí ìbọn nìkan kò fi lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún wa.

Bí a ṣe lè ka ara ìbọn

Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a dojú rẹ̀ kọ òun? Ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀tù dúdú tó wà nínú ìbọn gbígbẹ lè gbaná lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún. Ká dojú ìbọn sí ibi tí kò sí ẹnikẹ́ni, ká má ṣe fọwọ́ kan apátí, ká ti igi tín-ín-rín bọ ẹnu rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi kan ìdí, ká fi nǹkan sàmì sára igi náà níbi tó bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Ká fà á jáde, ká gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá irin lóde, kí àmì náà bá ẹnu ìbọn dọ́gba. Bí orí igi bá dé ibi ihò iná, ó ṣeé ṣe kí inú rẹ̀ ṣófo. Bí kò bá dé ibẹ̀, nǹkan wà nínú rẹ̀. Ká fi sílẹ̀ níbẹ̀, ká pe ọlọ́pàá tàbí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ká má ṣe lù ú, ká má ṣe lu ihò sí i, ká má sì sún un mọ́ iná.

Lẹ́yìn èyí ni ká wá òǹtẹ̀. Ibi tó máa ń wà ni ìdí ọ̀pá irin, lápá òsì, nítòsí apátí. Tọ́ọ̀ṣì tí a tàn láti ẹ̀gbẹ́ á mú kí àmì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ jáde. Bó bá jẹ́ ọ̀pá àṣẹ ọba méjì tó dábùú ara wọn lábẹ́ adé, tí lẹ́tà B, C àti P wà láàárín ọ̀kan, tí V wà nínú èkejì, Birmingham ló ti wá, láàárín ọdún 1813 sí 1904. Lẹ́tà G àti P tó lọ́ mọ́ ara wọn lábẹ́ adé, pẹ̀lú V lábẹ́ adé mìíràn, jẹ́ ti ẹgbẹ́ àwọn arọ̀bọn London. Lẹ́tà E, L àti G nínú òbìrí tó gùn bí ẹyin jẹ́ ti Liège.

Àmì Liège yìí ló wúlò jù fún ilé Yorùbá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òbìrí náà wà láìní adé. Ní ọdún 1893 ni wọ́n fi adé lé e. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn bùdó Kírìjì tú ká. Ìbọn olókùúta tó bá ní adé lórí E, L, G kò dé Kírìjì, ẹni yòówù kó gbé e. Ìbọn ẹ̀yìn òfin Brussels ni.

Ká ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ TOWER tó máa ń wà lára apátí. Ilé ohun ìjà ọba ní London ló ni àmì náà, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò lu irú rẹ̀ mọ́ ọjà lásán kí ó lè tà. Ẹ̀rí ológun gidi nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìbọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ jù nígbà ogun Napoleon ní ọ̀pá tó gùn ní íǹṣì 39, ihò rẹ̀ sì tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin íǹṣì kan. Ìbọn òwò sábà máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, irin rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.

Akọ òkúta pẹ̀lú ní ìlú tirẹ̀. Èyí tó dúdú máa ń jẹ́ ti Brandon. Èyí tó ní àwọ̀ oyin jẹ́ ti Faransé. Àmọ́ òkúta ni a ń pààrọ̀ jù lọ lára ìbọn, nítorí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára tó ti òǹtẹ̀. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ kankan, tí ojú ìjómọ́ra bá hàn gbangba lára ọ̀pá, tàbí tí ìdè tó ní ojú yíyí bíi ti páìpù bá wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ wa ló wà níbẹ̀. Kò sì yẹ kí a fi ìyẹn tẹ́ ẹ. Ọmọ ilẹ̀ yìí ló mọ̀ ọ́n rọ.

Ìtọ́jú kì í ṣe dídán

Ohun tó ń pa ìbọn àtijọ́ jù ni ìfẹ́ ọmọ tó fẹ́ kí ó dán. Sáńpépà, búrọ́ọ̀ṣì onírin àti omi báttìrì yóò ha òǹtẹ̀ kúrò, a kò sì ní rí ohun tí a ó fi mọ̀ ọ́n mọ́. Àwọ̀ dúdú tàbí àwọ̀ ilẹ̀ tó ti bo irin náà kì í ṣe ìdọ̀tí, ó ń dá ààbò bo irin. Ìpẹtà pupa tó ń rú ni ọ̀tá. Aṣọ rírọ̀ tí a fi epo máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ tọ́ lẹ́nu ti tó láti mú un kúrò díẹ̀díẹ̀.

Ìbọn tí wọ́n yìn kẹ́yìn tí wọn kò fọ̀ ń jẹ ara rẹ̀ láti inú. Imí-ọjọ́, èédú àti saltpetre ni ẹ̀tù dúdú. Bó bá jó tán, iyọ̀ tó kù nínú ọ̀pá máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi gbígbóná ló ń fọ iyọ̀ yìí, epo kò lè fọ̀ ọ́, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ọdẹ fi ń da omi gbígbóná sínú ìbọn lẹ́yìn ìgbẹ́. Wọ́n á gbẹ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó fi epo kan án. Fún ìbọn tí a ti mọ̀ dájú pé ó ṣófo, ọgbọ́n wọn ṣì tọ̀nà. Epo pupa àti àdín ni kí a má ṣe lò, nítorí pé epo inú èso máa ń dì, a sì máa di eruku mú.

Òjò ilẹ̀ wa kì í jẹ́ kí irin sinmi. Ká má ṣe gbé ìbọn ti ògiri sìmẹ́ńtì, ká má fi sínú àpò awọ, ká jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gba ara rẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé máa ń fi ìda tín-ín-rín pa irin àti igi kí ọ̀rinrin má baà ráyè. Ikán àti kòkòrò ajẹgi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Eruku igi tuntun nílẹ̀ lábẹ́ ìbọn ni àmì wọn. Awọ tí wọ́n fi dì í, òrùka idẹ, oògùn tí wọ́n so mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ àti epo tó gbẹ mọ́ ọn ní ojúbọ, gbogbo rẹ̀ ni kí a fi sílẹ̀. Ara ìtàn rẹ̀ ni.

Òfin pẹ̀lú wà nínú ìtọ́jú. Ẹni tó bá jogún ìbọn gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí, kí ó sì béèrè ìwé tó yẹ. Òfin ọdún 1979 tó dá NCMM, àjọ tó ń bójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ka ohun ìjà ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1918 mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì gbọdọ̀ jáde ní Nàìjíríà láìgba àṣẹ. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Abẹ́òkúta àti ní Ilé-Ifẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ibi gbígbẹ nílé lè gbé ọ̀rọ̀ lọ bá wọn.

Kí a tó gbé e lọ síbikíbi, ká ya fọ́tò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ká ya òǹtẹ̀ rẹ̀ ní sísúnmọ́, ká wọn gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ ẹnu rẹ̀. Ká bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, ẹran tó fi pa, alágbẹ̀dẹ tó tún un ṣe, ká kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ká sì kọ ohun tí òǹtẹ̀ sọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, ká má ṣe fi ọ̀kan pa èkejì rẹ́. Baba ńlá lè ti lọ sí Kírìjì ní tòótọ́, kí ó gbé Snider lọ, kí ọmọ rẹ̀ sì ra olókùúta ní ogún ọdún lẹ́yìn náà nítorí pé òun nìkan ló wà lọ́jà. Ìdílé tó gba òǹtẹ̀ 1893 gbọ́ kò pàdánù ìtàn kankan. Ìtàn Kírìjì ti wà nínú ìwé púpọ̀. Ìtàn bí òfin kan ní Brussels ṣe gba ìbọn tuntun lọ́wọ́ ọmọ tó sì fi ti àtijọ́ lé e lọ́wọ́ kò tíì wà nínú ìwé tó pọ̀ tó, ara irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ sì wà.